Ọjọ́ tí àwọn ọmọ máa wọ ọ̀rọ̀ bí aṣọ: báwo la ṣe fẹ́ ṣe é tí kò fi ní di ọjọ́ àwọn ìyá?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ní ká ṣètò ọjọ́ kan tí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa mú ọ̀rọ̀ kan, tí á sì múra débi tí aṣọ rẹ̀ á fi sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ọdún 6 sí 11 ni wọ́n, gbogbo wọn ń lọ bí 200. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Àwọn olùkọ́ kan ti ń sọ pé eré lásán ni, pé ká kúkú fún wọn ní ìdánwò lórí ọ̀rọ̀ 20 ká sì sinmi. Àwọn òbí náà ti ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ta ló sì yẹ kó yan ọ̀rọ̀: ọmọ, òbí, àbí olùkọ́?

* * *

Ibi ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ lẹ́yìn.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ìwé la kọ sí àwọn òbí pé kí ọmọ wọn mú ọ̀rọ̀ tó bá wù ú. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọba mọ́kànlá ló wọlé. Labalábá mẹ́fà. Dókítà ò níye. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé, mo sì ń rò ó pé kò sí ìkankan nínú àwọn ọmọ yìí tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọba kó tó kúrò nílé láàárọ̀ yẹn. Aṣọ pọ̀ lọ súà, a ò kọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Látìgbà náà, olùkọ́ ló ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọmọ ló ń mú nínú rẹ̀. Tí ọmọ 30 bá wà ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ 45 ni mo máa ń kọ, kí ẹni tó mú kẹ́yìn náà ṣì rí nǹkan mú. Irú ọ̀rọ̀ wo? Isabel Beck, onímọ̀ ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín ọ̀rọ̀ sí ipele mẹ́ta, ìpín yẹn sì ti gbà mí lọ́wọ́ àríyànjiyàn púpọ̀. Ìkíní ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ ti ń sọ nílé: omi, sáré, ńlá. Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ẹ̀kọ́ kan tàbí iṣẹ́ kan: fáwẹ̀lì, igun-mẹ́ta. Àárín ni èyí tó máa ń jáde nínú oríṣiríṣi ìwé, tí àgbàlagbà ń sọ, àmọ́ tí kò tíì dé ẹnu ọmọ: ṣọ̀wọ́n, kùnà, ìpinnu, lọ́ra, tàn kálẹ̀. Inú àárín yẹn ni kẹ́ ẹ ti fa ọ̀rọ̀ yín yọ.

Ẹnì kan á sọ pé ká ṣẹ́ kèké. Mo ti ṣẹ́ kèké rí. Ọmọbìnrin kan fa "agídí", ó sì sunkún títí a fi jáde ilé-ìwé, torí ohun tí ìyá rẹ̀ ń pè é nílé gan-an nìyẹn. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń mú, á to wọ́n bó ṣe wù ú sí, èmi á wá bá wọn pín in.

* * *

Àwọn bíi mẹ́ta ti fèsì pé ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan ló ṣeé wọ̀, pé tó bá ti dórí "ìpinnu" àti irú rẹ̀, ọmọ á kàn lẹ ìwé mọ́ àyà ni. Mi ò gbà.

Èdè wa gan-an ò gbà fún wọn. Ẹ gbọ́: róbótó, pẹlẹbẹ, gbọọrọ, jágajàga, wúruwùru. Èwo ni ọ̀rọ̀-orúkọ nínú wọn? Tẹ́ ẹ bá sì ti gbọ́ wọn, ojú yín ti rí nǹkan. Ọmọ tó bá ki ìrọ̀rí sínú ẹ̀wù bàbá rẹ̀ ti di róbótó kó tó lanu. Ẹni tó so páálí méjì mọ́ra, ọ̀kan níwájú ọ̀kan lẹ́yìn, ti di pẹlẹbẹ. Ti jágajàga ò tiẹ̀ ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan: bọ́tìnnì tí a kì sí ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ méjì tí kò bára mu, irun tí a ya ìdajì tí a fi ìdajì sílẹ̀. Ọmọ ọdún 7 kan ṣe é lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́ dá a padà sílé pé kó lọ múra dáadáa.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Ẹni tó mú "yọ́" wọ funfun láti orí dé ìbàdí, ó wá fi aṣọ búlúù tó ń wọ́ nílẹ̀ ṣe ìsàlẹ̀, bíi yìnyín tó ti ń di omi. "Tàn kálẹ̀" gba ọmọ mẹ́rin: àmì pupa kan ló wà lára ẹni àkọ́kọ́, márùn-ún lára èkejì, ogún lára ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin sì pupa láti òkè délẹ̀. Tí wọ́n bá tò tẹ̀lé ara wọn, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé.

Èyí tó le lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ojú ò rí. Tẹ́ ẹ bá bi ọmọ pé "báwo ni sùúrù ṣe rí?", á kàn máa wò yín ni. Ohun tí èmi máa ń bi wọ́n ni pé, "Ẹni tó ní sùúrù, kí lo máa rí lára rẹ̀ tí wàá fi mọ̀?" Ọmọ kan ní ó máa ti jókòó pẹ́. Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó ti pẹ́? Ó ronú díẹ̀, ó ní aláǹtakùn á ti ta okùn sí i léjìká. Ó parí! Òwú funfun láti èjìká dé etí, aláǹtakùn tí a fi páálí gé lórí fìlà. Ẹlòmíì mú "ìlara", ó ya ojú sí gbogbo ara ẹ̀wù rẹ̀, ojú bí ọgbọ̀n, gbogbo wọn ló ń wo apá òsì. Ibikíbi tó bá ti dúró, ẹni tó wà lósì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara rẹ̀ wò.

Mo tún fẹ́ràn ọ̀rọ̀ onítumọ̀ méjì. "Afárá": níwájú, afárá tí ọkọ̀ ń gbà kọjá; tí ọmọ náà bá yí ẹ̀yìn padà, afárá oyin.

* * *

Lórí ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ, ẹ fèsì pé wọn kì í tà á. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta ni wọ́n sábà máa ń ṣe Ọjọ́ Ìwé Àgbáyé, àwọn ọmọ á sì múra bí ẹni inú ìwé. Aṣọ àwọn ẹni inú ìwé wọ̀nyẹn, rírán lẹ́ ẹ máa bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ire tiwa ni pé kò sẹ́ni tó ń rán "ìlara" tà.

* * *

Ìyá kan ti bínú sí mi lórí àkọlé òkè yẹn. Ó ní kí ló dé tí mò ń bá àwọn ìyá jà, pé ọmọ ọdún 6 ò lè dá abẹ́rẹ́ mú, àti pé àkókò tóun àti ọmọ òun bá jọ lò nídìí aṣọ yẹn, èrè ni. Ẹ má bínú, mà. Òótọ́ lẹ sọ, mi ò sì sọ pé kí ìyá má fọwọ́ kan nǹkan.

Ohun tí mo rí nìyí. Ọmọkùnrin kan wọlé, aṣọ rẹ̀ ń dán yinrin, iná kéékèèké yí i ká. "Ìtànṣán" lọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Kí ló ń jẹ́ ìtànṣán?" Ó yíjú wo ìyá rẹ̀. Ìyá dáhùn, ìdáhùn náà sì dáa. Ká ní mo lè fún ìyá ní máàkì ni, mi ò bá ti fún un.

Nítorí náà, òfin tiwa ni pé òbí lè gé, ó lè rán, ó lè lẹ̀ ẹ́, àmọ́ ọmọ ló máa sọ ohun tí wọ́n máa gé àti ìdí tí wọ́n fi máa gé e. Tí àyè bá sì wà, ilé-ìwé ni kí wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wákàtí méjì, páálí àlòkù, gọ́ọ̀mù, aṣọ tó ti kéré jù fún ẹ̀gbọ́n, ó tán. Nídìí páálí yẹn ni ẹ̀kọ́ ti ń wọlé. Mo gbọ́ àwọn méjì kan tí wọ́n ń jà lọ́jọ́ kan. Ọ̀kan fẹ́ fi ìgbín ṣe "lọ́ra". Èkejì ní ìgbín kì í lọ́ra, ó kàn ń rọra ni, torí ilé ló gbé sẹ́yìn. Wọ́n fà á títí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín "lọ́ra" àti "rọra" ni wọ́n ń jà lé lórí, wọn ò sì mọ̀. Mi ò dá sí i. Ká ní ìyá ọ̀kan nínú wọn ló rán ìgbín yẹn lóru, ìjà yẹn ò ní wáyé.

* * *

Kò tíì sẹ́ni tó béèrè èyí tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín olùkọ́: níbo ni káàdì tí a kọ ọ̀rọ̀ sí máa wà?

Àwọn kan ní àyà, kí gbogbo ayé lè kà á. Àwọn kan ní kò gbọdọ̀ sí káàdì rárá, pé tí aṣọ ò bá lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ó ti kùnà. Èmi ní ẹ̀yìn. Tó bá wà láyà, ojú máa ń lọ sórí káàdì tààrà, wọ́n á kà á, wọ́n á kọjá, kò sẹ́ni tó wo aṣọ. Tí kò bá sí rárá, ọmọ á máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ títí ohùn rẹ̀ á fi há. Àmọ́ tó bá wà lẹ́yìn, ẹni tó ń wò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ronú, á sọ tẹnu rẹ̀, ọmọ á wá yí ẹ̀yìn padà. Àṣìsọ gan-an lèrè ibẹ̀. Ọmọ kan tó mú "ṣọ̀wọ́n" so àpò ńlá kan mọ́ra, èso ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo èèyàn ń pariwo "tálákà!" Ó ní, "Rárá o, owó wà lápò mi, èso ni ò sí." Mi ò mọ àlàyé tí olùkọ́ lè ṣe tó máa ju ìyẹn lọ.

Bá a ṣe ń sọ káàdì, ẹ fi àmì ohùn sí i. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní àmì ohùn ń dí ojú ìwé, pé ọmọ á mọ̀ ọ́n láti inú aṣọ. Mi ò bá a jiyàn. Mo kàn kọ OKO gàdàgbà sí pátákó, mo ní kó kà á. Ṣé ọkọ ìyàwó ni, àbí ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀? Ọkọ̀ tí à ń wọ̀ ńkọ́? Ọ̀kọ̀ tí a fi ń gún nǹkan? A ò tíì dé orí oko tí a ti ń ṣiṣẹ́ àti òkò tí à ń jù.

Inú ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn la ti rí èyí tó dùn jù nínú gbogbo ohun tá a ti ṣe. Ọmọ mẹ́rin tò, ọ̀kan múra bí ọkọ ìyàwó, ọ̀kan gbé ọkọ́, ọ̀kan wà nínú ọkọ̀ páálí, ọ̀kan di ọ̀kọ̀ oníwèé mú (páálí ni o, ẹ má gba irin láàyè). A wá fi apá wọn ṣe àmì ohùn: apá tó nà sókè ni ohùn òkè, èyí tó nà gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ohùn àárín, èyí tó rọ̀ sísàlẹ̀ ni ohùn ìsàlẹ̀. Apá méjì, sílébù méjì. Ọkọ na méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, re re. Ọkọ́ na ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ó gbé èkejì sókè, re mí. Ọkọ̀ rọ apá kejì sílẹ̀, re dò. Ọ̀kọ̀ rọ méjèèjì, dò dò. Ẹ rántí pé apá ọ̀tún ọmọ ló máa ṣáájú, torí láti òsì ni ẹni tó dojú kọ ọ́ ti ń kàwé. A gbàgbé ìyẹn nígbà tá a kọ́kọ́ dán an wò, ọkọ́ wa sì di nǹkan míì tí kò sí nínú èdè kankan.

Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú igba, igbá, ìgbà àti igbà.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan lẹ fẹ́ lò lọ́dún tó ń bọ̀, 21 oṣù kejì ni Ọjọ́ Èdè Abínibí Àgbáyé tí UNESCO kéde ní 1999. Ẹ ò ní nílò láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni ìdí tẹ́ ẹ fi mú ọjọ́ yẹn.

* * *

Ó kan àwọn onídàánwò.

Allan Paivio, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan nílẹ̀ Kánádà, ti ń sọ ọ́ láti àwọn ọdún 1970 pé ohun tí a bá mọ̀ lọ́rọ̀ tí a tún mọ̀ láwòrán ní ọ̀nà méjì tí a lè gbà rántí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí tún rí i pé ẹni tó bá fara ṣe ohun tí wọ́n sọ fún un, bíi "kán igi ìṣáná yìí", máa ń rántí gbólóhùn náà ju ẹni tó kàn gbọ́ ọ lọ. Nítorí náà, wọn ò lè sọ fún mi pé eré lásán ni.

Àmọ́ wọn ò jẹ̀bi tán, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Lọ́dún kejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n rántí. Kálukú rántí tirẹ̀. Ó tún rántí ti ọ̀rẹ́ méjì tó jókòó tì í nígbà tí wọ́n ń gé páálí. Àwọn yòókù tó tò kọjá níwájú gbogbo ilé-ìwé, tí a ń pàtẹ́wọ́ fún? Kò sí. Ariwo ni wọ́n rántí, wọn ò rántí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wàhálà, ọjà yẹn wọ́n.

Ohun tí mo yí padà ni pé ọ̀rọ̀ ti wà lára ògiri kí ọjọ́ tó pé, wọn kì í sì í yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. A ń pè é láàárọ̀, a ń lò ó nínú àròkọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọmọ míì tó lo ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lórí pápá máa ń wá fẹjọ́ sùn bí ẹni pé wọ́n jí i ní nǹkan, inú mi sì máa ń dùn. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ fún wọn ní ìdánwò ọ̀rọ̀ 20 yín. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má ṣe é.

* * *

Ìṣirò kékeré kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó fi ọjọ́ sí i: ọmọ 200, ìṣẹ́jú kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú gbogbo èèyàn, wákàtí mẹ́ta àti 20 ìṣẹ́jú. Ọmọ tó wọ páálí ò lè dúró tó bẹ́ẹ̀, olùkọ́ gan-an ò lè jókòó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ pín wọn sí méjì. Kí 100 dúró káàkiri gbọ̀ngàn, kí 100 máa lọ bá wọn pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, kí wọ́n wo aṣọ, kí wọ́n sọ tẹnu wọn, kí wọ́n béèrè, kí wọ́n kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn 25 ìṣẹ́jú, kí wọ́n pààrọ̀. Wákàtí kan ò ní pé tẹ́ ẹ máa fi parí, gbogbo wọn á sì ti lanu sọ̀rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní kíláàsì, kó tó di ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ wọ aṣọ rẹ̀ kó jókòó, kó gba ẹnu ọ̀nà kọjá, kó lọ tọ̀, kó sì padà wá. Mo ti rí "gbọọrọ" tó há sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má gba ìbòjú tó dí ojú, ẹ má gba okùn tó yí ọrùn ká. Ọmọ tí kò fẹ́ múra, tàbí tí aṣọ àjèjì ń yún lára, ẹ má fi agídí wọ̀ ọ́ fún un. Ó lè mú ohun kan dání dípò aṣọ, tàbí kó jẹ́ ẹni tó ń lọ kiri bi àwọn yòókù ní ìbéèrè. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ìbéèrè débi pé àwọn tó múra bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un.

* * *

Ẹ̀bùn? Mo ti ka gbogbo èsì. Àwọn tó ní kẹ́ ẹ fún aṣọ tó dára jù ní ẹ̀bùn pọ̀ ju àwọn tó ní kẹ́ ẹ má fún lọ. Tẹ́ ẹ bá fún aṣọ tó dára jù ní ẹ̀bùn, ìyá onítànṣán ló máa gbà á, lọ́dún kejì ìyá mẹ́wàá á ti ra iná. Ẹ fún kíláàsì tó bá mọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì jù. Ìyẹn ni mo rò. Àwọn tí kò gbà, ẹ ṣe tiyín.

* * *

Olùbéèrè tún kọ̀wé: Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn ọmọ ti mú ọ̀rọ̀ lónìí, kò sí ọba kankan. Àmọ́ ọmọ kan wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, "ìdákẹ́jẹ́" ló mú. Ṣé kí n bá a pààrọ̀ rẹ̀? Tí wọ́n bá wá bá a ní gbọ̀ngàn, ó ṣáà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé.

* * *

Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ o! Òun nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Kó dúró, kó fìka sẹ́nu. Ẹni tó bá bi í ní nǹkan, kó fa ìwé tó ti kọ ọ́ sí lé e lọ́wọ́, kó tún fìka sẹ́nu.

Ẹ wá fi ẹni tó mú "ariwo" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni ò bá sì mú "ariwo", ẹ kàn béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní kíláàsì. Kẹ́ ẹ sì di etí yín.